Ríra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi láti Sípéènì sí Mòrókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání

Omi tó pín Sípéènì àti Mòrókò níyà kò ju kìlómítà 14 lọ níbi tó ti tóóró jù. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, ẹni tó dúró sí etíkun Tarifa ní Sípéènì á máa fojú ara rẹ̀ rí àwọn òkè Mòrókò. Ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré máa ń gba ibẹ̀ kọjá ní bíi wákàtí kan. Bí ibẹ̀ ṣe súnmọ́ra yìí ló ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á rò pé ríra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ju kí èèyàn wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ Yúróòpù tí kò nílò físà láti wọ Mòrókò ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe fọ́ọ̀mù wọn. Kò síbi tí fọ́ọ̀mù náà ti máa bi ọmọ Nàìjíríà bóyá ó ní ìwé àṣẹ láti wọ ibi tó ń lọ, tàbí láti padà síbi tó ti ń bọ̀. Owó nìkan ló máa gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ọ̀rọ̀ yìí báyìí: ìwé ló ṣáájú, èbúté ló tẹ̀ lé e, owó ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá yí i padà lè ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní àléébù kankan fún ìrìnàjò tí kò lè rìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yanjú físà ní ìhà méjèèjì

Mòrókò kò sí nínú ẹgbẹ́ ECOWAS. Ó béèrè ní 2017 pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbà á wọlé. Nítorí náà, àǹfààní tó ń jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wọ Kútọnu tàbí Lomé láìgba físà kò dé Tangier, ìlú èbúté Mòrókò tí ọkọ̀ ń lọ. Físà Mòrókò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kí ẹ tó gbéra. Ìjọba Mòrókò ní ojú òpó kan tó ń jẹ́ Acces Maroc, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní físà orí ayélujára. Àwọn tó ní ìwé ìgbélùú Yúróòpù, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí wọ́n ń dá lóhùn níbẹ̀. Ẹ yẹ ipò tiyín wò níbẹ̀ kí ẹ tó lọ tò sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ aṣojú Mòrókò.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn o. Àbọ̀ kejì ni ti Sípéènì, òun lèèyàn sì máa ń gbàgbé, torí pé inú Sípéènì ló ti ń gbéra, ó sì ń rò pé òun ti wọlé tán.

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Tarifa, ẹ ti jáde kúrò ní agbègbè Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà) nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lẹ fẹ́ padà. Ẹ ṣí páásípọ́ọ̀tù yín, kí ẹ wo físà Schengen tó wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ iye ìgbà tí ẹ lè wọlé sí, ẹ máa rí 01, 02 tàbí MULT. Bó bá jẹ́ 01, ẹ ti lò ó tán lọ́jọ́ tí ẹ balẹ̀ sí Málaga tàbí Madrid. Ẹ lè jáde lọ sí Mòrókò wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi físà yẹn padà wọ Sípéènì, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ tí ẹ ti sanwó rẹ̀ kò sì yí i padà. Bó bá jẹ́ 02 tàbí MULT, ẹ yẹ ọjọ́ tí físà náà máa parí wò, kí ẹ sì rí i pé ọjọ́ àbọ̀ yín kò kọjá rẹ̀.

Àwọn ará wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, tí wọ́n gba físà fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ní Sípéènì, ló yẹ kó fiyè sí èyí jù. Ẹni tí físà rẹ̀ jẹ́ 01 ṣì lè rin ìrìnàjò náà. Kó ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan, kó sì wọ bàálù láti Mòrókò padà sí Gẹ̀ẹ́sì tààrà, láìgba Yúróòpù kọjá. Tó bá jẹ́ pé láti Málaga ni bàálù tó máa gbé e padà sílé ti máa gbéra, kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi rárá.

Ẹni tó ń gbé ní Sípéènì fúnra rẹ̀, tó ní káàdì ìgbélùú, kò ní wàhálà físà Schengen, bí káàdì náà bá ṣì wà láàyè. Bí káàdì bá ti kú, tí ẹ sì ń dúró de tuntun, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní autorización de regreso, èyí tí ìjọba Sípéènì máa ń fún ẹni tó fẹ́ jáde kó sì padà kí káàdì tuntun tó jáde. Ẹ gbà á lọ́wọ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ìwé tó fi hàn pé ẹ ti béèrè fún káàdì tuntun nìkan kò tó.

Ẹ má sì rò pé ó di ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ibodè kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ìwé yín wò. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní káńtà, pàápàá ní ìhà Mòrókò, torí pé ilé-iṣẹ́ tó bá gbé ẹni tí kò níwèé dé Yúróòpù ló máa san owó ìtanràn, òun náà ló sì máa gbé onítọ̀hún padà. Bí ọkàn wọn ò bá balẹ̀ lórí ìwé yín, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ èbúté tí ẹ ń lọ

Tí ẹ bá tẹ Tangier sínú ojú òpó tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, èbúté méjì ló máa jáde, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Tanger Ville wà láàárín ìlú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ rìn díẹ̀, ẹ ti dé ìlú àtijọ́. Tanger Med wà lẹ́yìn ìlú, ó tó kìlómítà 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí Tangier, ẹ sì máa nílò bọ́ọ̀sì tàbí takisí láti ibẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì Tanger Med lè fi díẹ̀ dín sí ti Tanger Ville lórí ìwé. Tí ẹ bá wá ro owó takisí mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé ẹ ò jèrè kankan.

Ní ìhà Sípéènì náà, méjì ni. Láti Tarifa ni ọkọ̀ ti ń lọ sí Tanger Ville, ó sì ń gba bíi wákàtí kan. Láti Algeciras ni ọkọ̀ ti ń lọ sí Tanger Med, ó ń gba bíi wákàtí kan ààbọ̀. Algeciras ní ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé èbúté. Tarifa kò ní ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì ló ń débẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan máa ń fi bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ gbé èrò wọn láàárín Algeciras àti Tarifa. Tó bá wà, ẹ máa rí i nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ yàn án kí ẹ tó sanwó, torí ìjókòó rẹ̀ níye.

Ọ̀nà kẹta wà tó ń fa ìdàrúdàpọ̀: Algeciras sí Ceuta. Ilẹ̀ Áfíríkà ni Ceuta wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú Sípéènì ni. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Ceuta kò tíì dé Mòrókò. Ó ṣì máa fẹsẹ̀ rìn dé ibodè, kó sì fi físà Mòrókò hàn níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà jíjìn náà wà, irú èyí tó ń lọ láti Barcelona sí Tanger Med tàbí láti Almería sí Nador. Àwọn yẹn ń sùn sójú omi, wọ́n sì yẹ fún ẹni tó ní mọ́tò àti ẹrù púpọ̀.

Fún ẹni tí kò wa mọ́tò, Tarifa sí Tanger Ville ni mo máa ń gbà níyànjú. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà á jẹ́ ni afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kan wà tó ń ti ìlà oòrùn fẹ́ wá sójú omi yẹn, Levante ni wọ́n ń pè é, ó sì lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi. Àwọn ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tó ń sáré láti Tarifa kì í lè fara dà á, wọ́n á ti èbúté náà pa. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gbéra ní Algeciras máa ń lè rìn nígbà tí ti Tarifa bá dúró. Nítorí náà, ẹ wo bí ojú ọjọ́ Tarifa ṣe máa rí ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Bí afẹ́fẹ́ bá le, Algeciras ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá sì ń ra ti Algeciras, ẹ fojú sí wákàtí tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀, torí pé àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ ń rìn tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Tanger Med láàárín òru, owó tí onítakisí bá fẹ́ ló máa san.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ẹni tí ẹ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀

Lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ lójú omi yìí ni Baleària, AML (Africa Morocco Link) àti DFDS, tó ra òwò FRS níbẹ̀ ní 2024. Ẹni tó ń rin ọ̀nà kan lónìí lè fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà, àpilẹ̀kọ àtijọ́ tó ní ilé-iṣẹ́ báyìí ló wà ní Tarifa lè ti yẹ̀. Ojú òpó ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ gbà gbọ́.

Yàtọ̀ sí àwọn tó lọ́kọ̀, àwọn alágbàtà wà, irú bíi Direct Ferries àti Ferryhopper, tí wọ́n máa ń to ọkọ̀ gbogbo ilé-iṣẹ́ sójú kan. Iṣẹ́ wọn wúlò gan-an fún wíwo aago àti owó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó gba owó yín ni ẹ máa padà lọ bá tí ẹ bá fẹ́ yí ọjọ́ padà tàbí gba owó yín. Tí ẹ bá dé káńtà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì alágbàtà, wọ́n lè sọ pé kí ẹ lọ bá ẹni tó tà á fún yín, alágbàtà náà sì lè gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lórí àyípadà yẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni pé kí wọ́n wo gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà, kí wọ́n sì lọ rà á lọ́dọ̀ ẹni tó lọ́kọ̀, bí iye owó kò bá jìnnà síra wọn. Ẹ tẹ àdírẹ́sì ojú òpó náà fúnra yín. Ẹ má kàn tẹ ohun àkọ́kọ́ tó jáde nínú ìwákiri, torí pé ìpolówó tí wọ́n sanwó rẹ̀ ló máa ń wà lókè.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo fẹ́ sọ láìfi bò. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ WhatsApp bá ní òun lè bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ìdajì owó rẹ̀, ẹ sá fún un. Ọ̀nà tí irú owó bẹ́ẹ̀ fi ń dín ni pé káàdì ẹlòmíràn tí wọ́n jí ni wọ́n sábà fi ń sanwó. Tí ẹni tó ni káàdì bá ké sí báńkì rẹ̀, wọ́n á fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà, orúkọ tiyín ló sì wà lórí rẹ̀ níwájú ọlọ́pàá. Ẹ má ra lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ pe èèyàn lójú ọ̀nà tó wọ èbúté Algeciras náà, àyàfi tí ẹ bá rí ọ́fíìsì gidi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ orúkọ yín bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á

Fọ́ọ̀mù náà máa kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ní mọ́tò. Ẹni tí kò ní máa yan "foot passenger" tàbí ohun tó jọ ọ́. Ẹ má ṣe fo ibẹ̀ o, torí pé àwọn ojú òpó kan ti máa ń yan mọ́tò sílẹ̀ fún yín, owó á sì fò sókè.

Ẹ ṣí páásípọ́ọ̀tù sí ojú ìwé tí fọ́tò yín wà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìlà méjì wà tó kún fún àmì <<<. Bí orúkọ yín ṣe wà nínú ìlà yẹn ni kí ẹ ṣe kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Kò sí àmì ohùn níbẹ̀, kò sì sí àmì lábẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ. Ṣadé á di Sade, Ọláolúwa á di Olaoluwa. Ó ń dùn mí láti sọ fún ẹni tó ń kọ Yorùbá dáadáa pé kó yọ àmì kúrò lára orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwọn ojú òpó kan kì í gba lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wọlé, òmíràn á sì sọ ọ́ di àmì ìbéèrè lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn orúkọ tó wà láàárín náà ṣe pàtàkì. Tí páásípọ́ọ̀tù bá ní Folasade Abosede, ẹ kọ méjèèjì síbi orúkọ àbísọ. Lórí fọ́ọ̀mù Sípéènì, ẹ lè rí àyè méjì fún orúkọ ìdílé, torí pé ọmọ Sípéènì ń jẹ́ orúkọ ìdílé bàbá àti ti ìyá pọ̀. Àyè kejì yẹn, tí wọ́n kọ "segundo apellido" sí, kò kan àwa. Ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Tó bá kọ̀ láti lọ síwájú, ẹ yí èdè ojú òpó náà sí Gẹ̀ẹ́sì, àyè yẹn á sábà pòórá. Ẹ má ki orúkọ àbísọ bọ̀ ọ́. Ìyàwó ilé tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì wà ní orúkọ bàbá rẹ̀ máa lo orúkọ bàbá rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé orúkọ ọkọ ló wà lórí káàdì báńkì rẹ̀. Alhaja, Olóyè àti Dọ́kítà kò sí lára orúkọ.

Níbi tí wọ́n bá ti béèrè orílẹ̀-èdè, páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé. Ẹni tó ti gbé ní Barcelona fún ogún ọdún, tó sì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, á yan Nàìjíríà. Ẹ wo ètò ọjọ́ ìbí náà: ọjọ́ ló ṣáájú oṣù ní Yúróòpù, èyí tó máa ń da àwọn ará wa tó wá láti Amẹ́ríkà láàmú.

Ìdí tí wọ́n fi le lórí orúkọ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibodè nìkan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1994, ọkọ̀ ojú omi Estonia rì sínú òkun Baltic, èèyàn 852 sì kú. Ní 1998, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kí wọ́n máa ka gbogbo èrò inú ọkọ̀, kí wọ́n sì máa kọ wọ́n sílẹ̀, kí àwọn tó ń gbani là lè mọ iye èèyàn àti ẹni tí wọ́n ń wá. Orúkọ tí ẹ fara balẹ̀ kọ lónìí, òun ni wọ́n á fi mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Fún ìdí kan náà, ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kódà bí wọn ò bá gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá ń bá òbí kan ṣoṣo rìn, ẹ mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí kejì dání, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìbí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè máa ń béèrè rẹ̀, pàápàá bí orúkọ ìdílé ọmọ àti ti òbí kò bá jọra.

Bí ẹ bá ní mọ́tò, nọ́ńbà ọkọ̀, gígùn rẹ̀ àti gíga rẹ̀ ni wọ́n máa béèrè. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹrù orí rẹ̀. Mọ́tò tí ẹ yá ní Sípéènì ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀ ṣáájú, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáni ní mọ́tò kò gbà kó kọjá sí Mòrókò, ìbánigbófò rẹ̀ kò sì ní bá yín débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ tàbí èyí tó ṣí sílẹ̀

Ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ máa ń san nǹkan bíi 30 sí 50 yúrò fún àlọ nìkan lọ́pọ̀ ìgbà. Àlọ àti àbọ̀ tí ẹ bá rà pa pọ̀ lè dín díẹ̀. Wọ́n tún máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tí àbọ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí kò ní ọjọ́ kan pàtó. Ó dùn létí, ó sì wúlò fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa parí. Ṣùgbọ́n ó ní ohun méjì tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Èkíní, níní tíkẹ́ẹ̀tì kò túmọ̀ sí pé àyè wà fún yín nínú ọkọ̀ tí ẹ bá fẹ́ wọ̀. Èkejì, nínú òfin Yúróòpù tó ń dáàbò bo èrò, ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní àkókò ìgbéra kò lè béèrè owó gbà-má-bínú bí ọkọ̀ bá pẹ́. Ní tèmi, kí ọmọ Nàìjíríà tí físà rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ tó ṣeé yí padà. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa gbà fún àyípadà àti wákàtí tí ó gbọ́dọ̀ kù kí ọkọ̀ tó gbéra.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, àwọn ọmọ Mòrókò tó ń gbé ní Faransé, Bẹ́ljíọ̀m, Sípéènì àti Netherlands máa ń wa mọ́tò wọn lọ sílé. Sípéènì ní ètò ńlá tó wà fún un, Operación Paso del Estrecho, ó sì ń gbé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 3 kọjá. Ìparí oṣù Keje àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń pọ̀ jù ní àlọ, ìparí oṣù Kẹjọ sì ni ti àbọ̀. Ní àwọn ọjọ́ kan nínú rẹ̀, ìjọba máa ń jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí èèyàn má bàa há sí èbúté. Tí ẹ bá lè fi ìrìnàjò yín sí oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹwàá, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: owó

Ẹ sanwó ní yúrò. Bí ojú òpó bá ní òun máa ṣẹ́ ẹ sí náírà, pọ́n-ùn tàbí dọ́là fún yín, ẹ kọ̀ ọ́, torí pé iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ sábà máa ń ga ju ti báńkì yín. Ẹni tó fẹ́ fi káàdì náírà sanwó, kó bi báńkì rẹ̀ léèrè ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú bóyá káàdì náà ń ṣiṣẹ́ lókè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti iye tó lè ná lóṣù. Káàdì dọ́là ti àkáǹtì owó òkè òkun (domiciliary account) máa ń já fáfá jù ú lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà káàdì, báńkì máa fi kóòdù ránṣẹ́. Bí kóòdù náà bá ń lọ sí síìmù Nàìjíríà, síìmù yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù, kó sì lè gba àtẹ̀jíṣẹ́ níbi tí ẹ wà. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó ṣì wà nílé, kó má jẹ́ pé ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní òru ọjọ́ ìrìnàjò.

Bí owó bá kúrò ní báńkì, tí tíkẹ́ẹ̀tì kò sì dé, ẹ má sáré sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo àpótí ìdọ̀tí (spam) ímeèlì yín, kí ẹ sì lo àdírẹ́sì ímeèlì àti orúkọ ìdílé yín láti wá ìrìnàjò náà lórí ojú òpó ilé-iṣẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pè wọ́n. Owó tí wọ́n kàn dì mú ní báńkì máa ń padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ rà ní tòótọ́ máa di ẹjọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: láti orí ímeèlì dé inú ọkọ̀

Ímeèlì tó dé kì í sábà jẹ́ ìwé ìwọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ èbúté, ẹ máa gbé e dé káńtà ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n á yẹ páásípọ́ọ̀tù yín wò, wọ́n á sì fún yín ní káàdì ìwọkọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú fóònù níbi tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Tarifa, fóònù máa ń já síta lọ mú nẹ́tíwọ́kì Mòrókò láti òdì kejì omi, dátà rẹ̀ sì wọ́n gan-an. Ẹ pa dátà òkè òkun kí ẹ tó dé etíkun.

Fóònù kan náà lè yí aago padà láìsọ fún yín. Mòrókò ń lo wákàtí kan ṣíwájú GMT jálẹ̀ ọdún, àyàfi nínú oṣù Ramadan tó ń padà sí GMT. Nígbà òtútù, aago rẹ̀ àti ti Sípéènì dọ́gba. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Sípéènì fi wákàtí kan ṣíwájú. Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti èbúté tí ọkọ̀ ti ń gbéra. Tó bá jẹ́ oṣù Keje, tí ọkọ̀ gbéra ní Tarifa ní aago mẹ́wàá, ó lè gúnlẹ̀ sí Tangier ní aago mẹ́wàá bákan náà. Ní àbọ̀, wákàtí yẹn lẹ máa pàdánù, ẹ fi kún ìṣirò yín bí ẹ bá ní bàálù láti wọ̀.

Ẹ dé èbúté ní wákàtí méjì ṣáájú. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2025 ni Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti fọ́tò ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù tó wá fún ìgbà díẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ìlà gùn. Àwọn tó ní káàdì ìgbélùú Yúróòpù kò sí lára wọn. Ẹ mú káàdì náà sọ́wọ́, kí ẹ má bàa tò sí ìlà tí kì í ṣe tiyín.

Nígbà tí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Mòrókò, ẹ wá tábìlì ọlọ́pàá Mòrókò kí ẹ tó wá ìjókòó. Inú ọkọ̀ ni wọ́n sábà ti ń tẹ páásípọ́ọ̀tù, èèyàn kì í sì í lè sọ̀ kalẹ̀ bí wọn ò bá tíì tẹ tirẹ̀. Ẹ tò síbẹ̀ tẹ̀yin ti físà tí ẹ tẹ̀ sórí bébà àti àdírẹ́sì ibi tí ẹ máa dé sí. Ìbéèrè fún àwa lè pọ̀ ju ti ẹni tó wà níwájú yín lọ. Ẹ dáhùn ní sùúrù.

Bí ọkọ̀ bá pẹ́ tàbí kò lọ mọ́

Òfin Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 1177/2010 ló ń dáàbò bo èrò ọkọ̀ ojú omi, kò sì bìkítà nípa irú páásípọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ yín. Ó kan gbogbo ọkọ̀ tó gbéra ní èbúté Sípéènì. Bí ẹ bá ń padà bọ̀ láti Mòrókò, ó kàn yín bí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé yín bá fìdí múlẹ̀ ní Yúróòpù, tàbí bó bá ń gbé èrò lọ sí Yúróòpù tàbí láti ibẹ̀.

Bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀, tàbí tó máa pẹ́ ju ìṣẹ́jú 90 lọ kó tó gbéra, ẹ̀yin lẹ máa yàn: kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn gbé yín láìgbowó kún un, tàbí kí wọ́n dá gbogbo owó yín padà láàárín ọjọ́ méje. Bí ẹ bá yan owó, ó yẹ kó jẹ́ owó gidi. Bí wọ́n bá fi ìwé ẹ̀rí fún ìrìnàjò mìíràn lọ̀ yín, ẹ lè sọ pé ẹ ò fẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, fún ìrìnàjò tí kò ju wákàtí mẹ́rin lọ bíi tiwa yìí, bí ẹ bá fi wákàtí kan pẹ́ dé, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì tọ́ sí yín, bó bá sì ju wákàtí méjì lọ, ó di ìdá 50. Wọn ò ní san ti ìdádúró yìí bó bá jẹ́ pé ojú ọjọ́ ló ṣe é, ṣùgbọ́n ti dídá owó padà tàbí ọkọ̀ mìíràn ṣì dúró digbí, Levante tàbí kò sí Levante.

Ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù tó fi hàn pé ọkọ̀ pẹ́, kí ẹ tọ́jú káàdì ìwọkọ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà láàárín oṣù méjì sí ọjọ́ ìrìnàjò. Wọ́n ní oṣù kan láti sọ fún yín bóyá wọ́n gbà, wọ́n kọ̀, tàbí wọ́n ṣì ń wò ó, àti oṣù méjì láti fún yín ní èsì ìkẹyìn. Bí wọ́n bá dákẹ́, Dirección General de la Marina Mercante ní Madrid ni ẹ máa gbé ẹjọ́ náà lọ bá, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ sí ilé-iṣẹ́.